Ta Ni Ó Ni Àwọn Màlúù Inú Àwòrán? Ìtàn Àwọn Darandaran Òkè Alps Lọ́wọ́ Àwọn Ayàwòrán

Kàlẹ́ńdà kan wà tí ẹnì kan fi ta ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Òkè ni ó kún inú rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá: òkè tí yìnyín bò lórí, koríko tútù nísàlẹ̀, màlúù mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n so agogo mọ́ lọ́rùn. Nígbà tí ọdún náà parí, n kò jẹ́ kí wọ́n jù ú nù. Mo gé àwọn àwòrán náà, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì mi, nítorí wọ́n wúlò fún mi láti fi kọ́ àwọn ọmọ ní àròkọ aṣàpèjúwe. Ní ọjọ́ kan tí mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, ọmọkùnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni ó ni àwọn màlúù yìí? N kò rí ẹni tó ń dà wọ́n." Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé ni mo tó rí i pé ìbéèrè ọmọ náà jinlẹ̀ ju àròkọ tí mo ní kí wọ́n kọ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a fi wo ìtàn àwòrán òkè, darandaran àti ẹran ọ̀sìn ní ilẹ̀ Yúróòpù, pàápàá ní àwọn òkè Alps. Òkè kan náà ni, màlúù kan náà ni, ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀nà tí wọ́n gbà yà wọ́n, a ó rí i pé ẹni tí wọ́n ya àwòrán náà fún ni ó ń pinnu bóyá darandaran yóò jẹ́ ènìyàn nínú rẹ̀ tàbí ọ̀ṣọ́ lásán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà, alp, túmọ̀ sí, nítorí ìwé jọ́gíráfì a máa kọ́ wa pé orúkọ òkè ni. Lẹ́nu àwọn tó ń gbé ibẹ̀, alp kì í ṣe ṣóńṣó òkè. Pápá ìjẹko tó wà lókè, kọjá ibi tí ilé àti oko pin sí, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà òtútù, yìnyín a bo pápá náà pátápátá; màlúù a wà nínú ilé ẹran ní àfonífojì, koríko gbígbẹ tí wọ́n ti gé pamọ́ ni wọn a sì máa jẹ. Bí oṣù kẹfà bá dé tí yìnyín ti yọ́, wọn a da ẹran gòkè. Ibẹ̀ ni wọn yóò wà títí di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Wàrà tí wọ́n bá fún lókè kò ṣeé gbé sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ láìbàjẹ́, nítorí náà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń sè é nínú ìkòkò bàbà ńlá, tí wọ́n ń sọ ọ́ di wàràkàsì. Darandaran orí òkè náà, tí wọ́n ń pè ní Senn ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì ní Swítsálandì, kì í ṣe ẹni tó kàn ń tẹ̀lé ẹran kiri. Òun ni ó ń fún wàrà, òun ni ó ń ṣe wàràkàsì, òun náà ni ó sì ń tọ́jú màlúù tó bá fẹsẹ̀ rọ́ lórí òkúta. Iṣẹ́ àṣekára ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn ayàwòrán tí mo fẹ́ kọ́kọ́ mẹ́nu bà kò fi sọ́kàn.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Róòmù ni àwọn tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ àwòrán dunjú ń wọ́ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Claude Lorrain, ẹni tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1600 ní agbègbè Lorraine, tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ní Róòmù, tí ó sì kú síbẹ̀ ní 1682. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọkùnrin yìí kò mọ iṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń wọ̀ nínú àwòrán rẹ̀ a máa dà bí oyin tí wọ́n dà sórí ilẹ̀. Igi ńlá a wà lápá kan, odò a tẹ́ sílẹ̀ láàárín, òkè a wà lọ́nà jíjìn, aláwọ̀ búlúù fífẹ́lẹ́, ewúrẹ́ àti màlúù a máa mu omi, darandaran kan a sì jókòó sábẹ́ igi tí ó ń fọn fèrè. Àwọn àwòrán rẹ̀ gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn fi ń ṣe ayédèrú wọn. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń ya ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan láti fi ṣe ẹ̀rí. Ìwé náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ta ni ó ni àwọn ẹran inú àwòrán Lorrain? Kò sí ẹni tó ni wọ́n. Darandaran tó ń fọn fèrè kò ní ilé, kò ní ọ̀gá, kò ní gbèsè, kò sì sí ẹran kan tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ewì àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ ni ó ti wá, kì í ṣe láti orí òkè kankan. Wọ́n ní Lorrain fúnra rẹ̀ a máa ṣàwàdà pé ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ni òun ń tà, pé òun a kàn fi àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ṣe ènì. Bóyá ó sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ tàbí kò sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Bí ìyá oníṣu ṣe ń fi ọ̀kan kún un fún oníbàárà rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi darandaran kún àwòrán.

Nicolaes Berchem (1620–1683) tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ìlú Haarlem ni, ní Họ́láńdì, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí kò ní òkè tí ó tó òkè. Síbẹ̀, àìmọye àwòrán òkè gíga, àwókù ilé àtijọ́ àti obìnrin tó ń da màlúù kọjá odò ni ó yà fún àwọn oníṣòwò ìlú rẹ̀, wọ́n sì rà á. Mo máa ń rò ó pé ilẹ̀ tó tẹ́jú ju ti ẹnikẹ́ni lọ ni ó fẹ́ràn òkè tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yin àwọn ará òkè gẹ́gẹ́ bí ènìyàn tí ayé kò tíì bà jẹ́. Albrecht von Haller, oníṣègùn ará Bern, tẹ ewì rẹ̀ lórí àwọn òkè Alps jáde ní 1732. Ìwé ìtàn àròsọ Rousseau, Julie, tẹ̀lé e ní 1761. Àwọn arìnrìn-àjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí Swítsálandì láti lọ wo ohun tí wọ́n kà. Àwọn ayàwòrán bí Johann Ludwig Aberli (1723–1786) ní Bern ń tẹ àwòrán kéékèèké tí wọ́n ń fi ọwọ́ kùn fún wọn, kí wọ́n lè rí nǹkan mú lọ sílé. Darandaran inú irú àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń ṣẹlẹ̀ lápá ibòmíràn tí ìwé ìtàn ọnà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, òun ni ó sì dùn mọ́ mi jù. Bí àwọn àlejò ṣe ń ra àwòrán darandaran, àwọn darandaran fúnra wọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwòrán. Èyí ṣẹlẹ̀ ní Appenzell àti Toggenburg, ní ìlà-oòrùn àríwá Swítsálandì, láti òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún títí wọ inú ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kì í ṣe orí aṣọ ìyàwòrán tí a fi férémù wúrà ká ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ara àpótí aṣọ, ara ibùsùn, ara ògiri ilé àti ìdí korobá wàrà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ti korobá náà. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń da ẹran gòkè, ọjọ́ ọdún ni fún gbogbo abúlé. Korobá igi tí wọ́n fi ń fún wàrà a wà ní èjìká, ìdí rẹ̀ a sì kọjú sí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí ọjọ́ yìí, wọn a fi pákó róbótó kan tí wọ́n ti kùn bo ìdí korobá náà: darandaran kan nínú ṣòkòtò aláwọ̀ ìyeyè, màlúù rẹ̀ níwájú rẹ̀, ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń tẹ̀lé e yóò máa wò ó títí wọn yóò fi dé òkè. Ọgbọ́n ńlá ni èyí lójú mi. Àwòrán darandaran ń gun òkè lẹ́yìn darandaran gan-an.

Láti ara korobá ni ó ti dé orí pákó àti bébà gígùn tóóró tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, èyí tó fi gbogbo ẹran hàn bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà ní òfin. Àwọn ewúrẹ́ funfun ni yóò ṣáájú, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan ni yóò sì dà wọ́n. Darandaran tó wọ aṣọ ọdún rẹ̀ a tẹ̀ lé wọn, àwọn màlúù mẹ́ta tó ru agogo ńlá a sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Agogo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò gbọdọ̀ dún bákan náà. Wọ́n ti ṣà wọ́n kí ohùn wọn lè bá ara wọn mu bí ìyá ìlù àti omele. Lẹ́yìn èyí ni àwọn darandaran yòókù, àwọn màlúù tó kù, ẹni tó ni ẹran pẹ̀lú ajá rẹ̀, àti kẹ̀kẹ́ ẹrù tó kó ohun èlò wàràkàsì. Ayàwòrán tó bá da ètò yìí rú kò ní rí owó gbà.

Bí ẹ bá rí iṣẹ́ Bartholomäus Lämmler (1809–1865), ẹni tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀gá láàárín wọn, ohun tí yóò kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu ni pé màlúù kan kò bo èkejì mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn fi ẹ̀gbẹ́ hàn, wọ́n sì hàn kedere. Èyí tó wà lókè réré kò kéré tó bí ó ṣe yẹ kó kéré lójú ẹni tó dúró nísàlẹ̀. Ẹni tó kàwé nípa àwòrán ní Párísì lè sọ pé wọn kò mọ bí nǹkan ṣe ń kéré bí ó bá jìnnà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ẹran kò fẹ́ mọ bí màlúù rẹ̀ ṣe rí lójú àlejò tó dúró lójú ọ̀nà. Ó fẹ́ kà wọ́n, kí wọ́n sì pé. Ó mọ èyí tó ní àmì funfun níwájú orí, ó mọ èyí tí ìwo rẹ̀ tẹ̀.

Obìnrin kan wà láàárín àwọn ayàwòrán yìí tí mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa mọ orúkọ rẹ̀: Babeli Giezendanner (1831–1905), ará Toggenburg. Ọkọ rẹ̀ kú, ó sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún un. Aṣọ híhun àti àwòrán ni ó fi ń wá oúnjẹ. Ó ya ilé, ó ya àfonífojì, ó ya ẹran tó ń gòkè, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ ẹni tó mọ ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé àwọn aláìní ní Hemberg ni ó parí ayé rẹ̀ sí. Lónìí, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹyin.

Lápá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ní Gruyère, níbi tí wàràkàsì olókìkí ti gba orúkọ, àwọn ènìyàn ní irú tiwọn. Poya ni wọ́n ń pè é. Ní èdè ìbílẹ̀ ibẹ̀, poya ni gígun òkè lọ sí pápá. Orúkọ yìí náà ni wọ́n fún pákó gígùn tí wọ́n ń kàn mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà ilé ẹran, tí wọ́n ya ọ̀wọ́ màlúù sí bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ gòkè lọ sí àgọ́ darandaran. Sylvestre Pidoux (1800–1871) ni a mọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ ń yà wọ́n. Wọn a sì máa kọ orúkọ olówó ẹran àti ọdún sí i. Bí ọmọ kíláàsì mi bá dúró níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò ní bi mí ní ìbéèrè kankan. Ìdáhùn wà lókè orí rẹ̀.

Kí a má sì ṣe tan ara wa. Ọjọ́ ọdún nìkan ni àwọn àwòrán wọ̀nyí mọ̀. Òjò kì í rọ̀ nínú wọn, màlúù kì í ré sínú ọ̀gbun, owó tí wọ́n ń san fún ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fún wàrà ní ìdájí kò sí níbẹ̀. Ọlọ́lá ló ní kí wọ́n yà wọ́n, ọlá rẹ̀ ni wọ́n sì fi hàn.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú mi kọ àròkọ yìí gan-an, àwòrán kan wà tí n kò lè fò. Ní 1873, Rudolf Koller (1828–1905), ará Zürich, ya kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin márùn-ún tó ń gbé lẹ́tà àti èrò, bí ó ṣe ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Gotthard. Eruku ń sọ lálá. Àwọn màlúù wà lẹ́yìn nínú eruku náà, ọmọ màlúù kan sì bọ́ síwájú ẹṣin, ó ń sá, ojú rẹ̀ ti ràn. Àwọn ará Swítsálandì fẹ́ràn àwòrán yìí púpọ̀púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹni tó ní kí Koller yà á: ilé-iṣẹ́ rélùwéè ni! Wọ́n fi ta Alfred Escher lọ́rẹ, ọ̀gá wọn tẹ́lẹ̀, ẹni tó tún wà nídìí iṣẹ́ ojú irin tí wọ́n fẹ́ là gba abẹ́ Gotthard. Ní 1882, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà ṣí, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin náà sì di ohun ìgbàgbé. Mo ti wo ọmọ màlúù yẹn lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìwé. Kò mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

Ó wá ku Giovanni Segantini.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1858, ní Arco, ìlú kan tó wà lábẹ́ Ọ́stríà nígbà náà, tí ó ti di ti Ítálì báyìí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Mílánì, ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ìyàwó mìíràn bí fún un, òun náà sì kú láìpẹ́. Ẹ̀gbọ́n yìí ní kí wọ́n yọ ọmọ náà kúrò nínú ìwé àwọn ọmọ Ọ́stríà kí ó lè di ọmọ Ítálì, ṣùgbọ́n wọn kò parí ètò kejì. Bẹ́ẹ̀ ni Segantini ṣe di ẹni tí kò ní orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú. Òpópónà ni ó gbé dàgbà. Ní 1870, wọ́n mú un, wọ́n sì fi í sí ilé tí wọ́n ti ń tún ìwà àwọn ọmọ ṣe. Iṣẹ́ bàtà ni wọ́n fi kọ́ ọ níbẹ̀. Ẹyin tó fẹ́ràn láti máa sọ pé ọmọ tó pẹ́ kó tó mọ̀wé kò lè wúlò mọ́, ẹ gbọ́: ó ti dàgbà dáadáa kí ó tó lè kọ̀wé já gaara.

Nígbà tó yá, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ọnà Brera ní Mílánì, ó sì pàdé Bice Bugatti. Wọn kò lè ṣe ìgbéyàwó nítorí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Wọ́n ń gbé pọ̀, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rin. Dípò kí ó dúró ní Mílánì, ó kó ẹbí rẹ̀ lọ sí àwọn abúlé Brianza, níbi tí àwọn òkè kéékèèké ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ya Alla stanga, tí ó parí ní 1886. Àwòrán náà fẹ̀ tó mítà mẹ́rin. Ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n ti so àwọn màlúù mọ́ ọ̀pá gígùn kan bí wọ́n ṣe tò, àwọn tó ń tọ́jú wọn wà láàárín wọn, wọ́n tẹ̀ ba, òkè sì wà lẹ́yìn nínú ìmọ́lẹ̀ tó kù díẹ̀. Kò sí fèrè. Ẹnikẹ́ni kò jókòó sábẹ́ igi. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ tí kì í tán ni ó wà níbẹ̀, àti ẹ̀yìn àwọn ẹran tí ó gbòòrò bí òkè kejì. Ìjọba Ítálì ra àwòrán yìí ní 1888. Róòmù ni ó wà, ìlú kan náà tí Lorrain ti ń fi darandaran ṣe ènì.

Ní 1886 yìí kan náà, ó gòkè lọ sí Savognin ní Swítsálandì, ó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ni ó yí ọwọ́ rẹ̀ padà. Afẹ́fẹ́ òkè fúyẹ́, kò ní eruku, gbogbo nǹkan sì mọ́ gaara láti iwájú títí dé ibi tí ojú lè rí mọ. Bí ó bá po ọ̀dà pọ̀ kí ó tó kùn ún, àwọ̀ rẹ̀ a ṣókùnkùn. Nítorí náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀dà tí kò pò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́: búlúù, ìyeyè, pupa, funfun, kí ojú òǹwòran lè pò wọ́n fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí aṣọ òfì lórí ìdí òfì yóò tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Bí o bá sún mọ́ ọn, òwú lo rí. Bí o bá sún sẹ́yìn, koríko ni, tàbí irun àgùntàn. Kì í ṣe inú ilé ni ó ti ń ṣe é. Ó ń gbé aṣọ ìyàwòrán ńlá lọ sórí pápá gan-an, ó sì ń fi àpótí igi bò ó síbẹ̀ kí òjò àti yìnyín má bà á jẹ́ títí di ọjọ́ kejì.

Ní Savognin, ọmọdébìnrin kan wá bá wọn ṣiṣẹ́ ilé láti bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ. Barbara Uffer ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Baba ni gbogbo ènìyàn ń pè é. (Mo mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò rẹ́rìn-ín, obìnrin ni, kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni.) Òun ni Segantini ń yà gẹ́gẹ́ bí darandaran lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú àwòrán ọ̀sán ganrínganrín lórí òkè Alps, èyí tó yà ní 1891, ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró nínú aṣọ búlúù, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ di etí fìlà rẹ̀ mú nítorí oòrùn àti afẹ́fẹ́, àwọn àgùntàn sì ń jẹko lẹ́yìn rẹ̀. Ó wojú oòrùn bí ẹni tó ti dúró láti àárọ̀, tí yóò sì dúró títí di alẹ́. Ara òǹwòran náà a máa gbóná. Nínú àwọn ìyá méjì, tí ó yà ní 1889, inú ilé ẹran lóru ni a wà. Fìtílà kan ṣoṣo ni ó ń tàn. Obìnrin kan tòògbé pẹ̀lú ọmọ lórí itan, màlúù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ màlúù sùn sórí koríko. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni ó tàn sí gbogbo wọn lára.

Ní 1894, ẹbí náà ṣí lọ sí Maloja, ní àfonífojì Engadin, tí ó tún ga sí i. Gbèsè wà lára ohun tó lé wọn kúrò ní Savognin, nítorí Segantini kò mọ owó ṣọ́. Ibí yìí sì ni mo ti ní ẹjọ́ díẹ̀ bá a rò. Maloja tí ó ń gbé kì í ṣe abúlé darandaran nìkan. Láti 1884 ni hòtẹ́ẹ̀lì ràgàjì kan, Maloja Palace, ti wà létí adágún níbẹ̀ fún àwọn ọlọ́rọ̀ láti òkè òkun, ní St. Moritz tí kò jìnnà, iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì ti ń tàn nínú hòtẹ́ẹ̀lì kí ó tó di 1880. Kò sí ọ̀kankan nínú èyí tó wọ inú àwòrán rẹ̀. Ó ya màlúù, ó ya obìnrin tó ru igi, ó ya òkè lẹ́yìn wọn, ó sì yọ àlejò àti hòtẹ́ẹ̀lì kúrò bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Nígbà tí wọ́n ń múra àfihàn ńlá ti Párísì fún ọdún 1900, Segantini dá a lábàá pé òun yóò ya gbogbo Engadin sí ògiri inú ilé róbótó ńlá kan, kí ẹni tó bá wọlé lè rò pé òun wà lórí òkè. Àwọn tí wọ́n fẹ́ náwó sí i ni àwọn onílé ìtura yìí kan náà, nítorí wọ́n rí i pé yóò fa àlejò. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó rẹ̀, wọ́n rí i pé kò ṣeé gbé, wọ́n sì jáwọ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ Segantini ni àwòrán ńlá mẹ́ta: Ìyè, Ìṣẹ̀dá àti Ikú. Nínú ti Ikú, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Ẹṣin kan dúró níwájú ilé pẹ̀lú pákó tí wọn yóò fi wọ́ òkú lọ, àwọn obìnrin ń dúró de òkú tí wọ́n ń gbé jáde. Nínú ti Ìṣẹ̀dá, tó tóbi jù, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, àwọn darandaran ń da ẹran wọn lọ sílé, orí wọn tẹ̀, àárẹ̀ sì hàn lára wọn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1899, ó gun òkè Schafberg lókè Pontresina láti parí àwòrán Ìṣẹ̀dá. Ibẹ̀ ga ju 2,700 mítà lọ. Baba Uffer àti Mario ọmọ rẹ̀ bá a lọ. Inú rírun líle mú un nínú àgọ́ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dókítà Oscar Bernhard, gòkè wá, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n ní ó ní kí wọ́n gbé ibùsùn òun súnmọ́ fèrèsé, pé òun fẹ́ rí àwọn òkè òun. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù náà, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Ilẹ̀ Maloja ni wọ́n sin ín sí, ní orílẹ̀-èdè tí kò fún un ní ìwé ọmọ onílẹ̀ rí. Ìlú mẹ́ta ni ó wá ń pe ara wọn ní onílé rẹ̀ báyìí: Ọ́stríà ní ilẹ̀ àwọn ni wọ́n ti bí i, Ítálì ní èdè àwọn ni ó ń sọ, Swítsálandì ní òkè àwọn ni ó yà.

Ní 1908, wọ́n ṣí ilé àfihàn kan fún iṣẹ́ rẹ̀ ní St. Moritz, ilé olókùúta tí òrùlé rẹ̀ rí róbótó bí ti ilé tó fẹ́ kọ́ sí Párísì. Wọ́n kọ ọ́ kí ó kọjú sí Schafberg. Àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀ lábẹ́ òrùlé náà. Ti Ìṣẹ̀dá kò parí. Bí ó ṣe fi í sílẹ̀ lórí òkè ni ó ṣe wà, tí àwọn darandaran ṣì ń da màlúù wọn lọ sílé.

Mo ti gba àwòrán obìnrin aláṣọ búlúù náà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkè inú kàlẹ́ńdà. Ọmọkùnrin tó bi mí ní ìbéèrè wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Sà, èyí ni ó ń dà wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ni wọ́n, àbí?"